Ẹ wọn ẹṣin yín kí ẹ tó ra oúnjẹ

"Ìlọrin kò léegún, ẹṣin leégún ilé wọn." Bí wọ́n ṣe ń kì wá nìyẹn. Àmọ́ eégún tiwa yìí a máa jẹun lójoojúmọ́ o! Ẹni tó ra ẹṣin nítorí ọdún Iléyá kì í rántí èyí. Bí ọdún bá ti lọ tán, wọ́n á fà á wá bá mi, egungun ìhà rẹ̀ á ṣeé kà: "Dókítà, oúnjẹ ti wọ́n jù."

Mo máa ń bi wọ́n pé, kílò mélòó ni? Wọn kì í mọ̀. Téèpù télọ̀ lásán ti tó. Ẹ fi yí àyà rẹ̀ ká, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti iwájú èjìká dé ìdí. Ẹ fi iye ti àyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ tún fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 11,880 pín in. Àyà 150 sẹ̀ǹtímítà, gígùn 145: bíi kílò 275 nìyẹn. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ koríko gbígbẹ bíi kílò márùn-ún ààbọ̀ lóòjọ́, kẹ́ẹ̀gì omi kan ó kéré tán, àti ṣíbí iyọ̀ kan. Ọkà bàbà àti eèrí, àfikún lásán ni.

Ẹ ra ewé ẹ̀pà gbígbẹ nígbà ìkórè tó pọ̀ lọ́jà, kí ẹ tò ó sórí pákó. Èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù, ẹ má wo owó rẹ̀. Ẹṣin kò lè bì.

Oúnjẹ adìyẹ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Wọ́n máa ń po oògùn kan tó ń jẹ́ monensin mọ́ òmíràn nínú rẹ̀. Kò ṣe adìyẹ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọkàn ẹṣin ló ń bà jẹ́, kò sì sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Oníbàárà mi kan fi àpò kan ṣọ́ owó. Kí n tó débẹ̀, akọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀, òógùn bò ó, ó ń mí gúlegúle. Abo nìkan ló ṣẹ́kù.

Oògùn aràn náà, ìwọ̀n ara la fi ń lò ó. Èyí tí wọ́n ń gún fún màlúù, ẹ má gún un fún ẹṣin. Ti ẹnu ni kí ẹ bèèrè. Ẹ sì máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Oníbàárà mi yẹn ń wọn abo rẹ̀ lóṣooṣù báyìí, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn: 231, 240, 252.