Igbó mímu àti ìlera àwọn ọ̀dọ́ ní Èkìtì

Igbó ni ewé àti òdòdó Cannabis sativa tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n ń wé sínú pépà, tí wọ́n sì ń fà bíi sìgá. Wíìdì, skunk tàbí loud làwọn ọmọ ìgboro ń pè é. Òun ni òògùn olóró tó gbilẹ̀ jù lọ ní Nàìjíríà. Ìwádìí tí UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òògùn olóró, àti NBS, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìṣirò, ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú àwọn ẹni ọdún 15 sí 64, bíi mílíọ̀nù 10.6 ló mu ún láàárín ọdún kan, àti pé nǹkan bí ọmọ ọdún 19 ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Nínú lílo òògùn olóró lápapọ̀, ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù tí Èkìtì wà ló léwájú, pẹ̀lú ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún 19 yẹn gan-an ló yẹ ká fiyè sí, torí ọjọ́ orí téèyàn fi bẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tó ń pinnu bí ewu igbó ṣe máa tó.

Ìtàn tí wọ́n sábà ń sọ ni pé àwọn ológun tó ti Bọ́má àti Íńdíà dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló kó o wọ Nàìjíríà. Ní Èkìtì, wọ́n ń gbìn ín pamọ́ sínú ẹgàn, pàápàá ẹgàn ìjọba tó wà ní Ìsẹ̀-Èkìtì, níbi tí ìnàkí ṣì kù sí. Àjọ NDLEA, tó ń gbógun ti òògùn olóró láti 1989, máa ń wọ irú oko bẹ́ẹ̀ lọ gé igbó náà lulẹ̀, kí wọ́n sì dáná sun ún.

Ohun tó ń ṣe nínú ọpọlọ

THC ni èròjà tó ń mú igbó pani bí ọtí. Ara èèyàn fúnra rẹ̀ ń ṣe ohun kan tó jọ ọ́, òun sì wà lára ohun tó ń darí bí ọpọlọ ọmọdé ṣe ń dàgbà. Ọpọlọ kì í gbó tán títí di nǹkan bí ọdún 25. Apá iwájú rẹ̀, tí à ń fi í ronú síwájú, tí à ń fi í kó ara wa níjàánu, ló ń gbó kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ẹni ọdún 15 àti ẹni ọdún 40 fi lè fa igbó kan náà kí ewu rẹ̀ má dọ́gba.

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n bá fà á, ojú á pọ́n, ẹnu á gbẹ, ebi á máa pa wọ́n, àyà á sì máa lù kìkì, nígbà mìíràn á fi ìlù 20 sí 50 lé sí i ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rín tí kò nídìí lè dé, ẹ̀rù náà lè dé. Ọlọ́kadà tó fà á lè rò pé ojú òun dá ṣáká, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ á ti pẹ́ lórí bíréèkì. Tó bá jẹ́ inú oúnjẹ ni wọ́n fi sí, ó lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó mú wọn, èyí ló ń mú kí àwọn kan jẹ àjẹjù.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan gbà pé igbó ń jẹ́ kí ìwé wọlé. Òdì kejì rẹ̀ ni ìwádìí fi hàn: ibi tí ọpọlọ ti ń tọ́jú ohun tuntun téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni THC ń dà láàmú. Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣàwàdà pé kò sí ilé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní New Zealand, wọ́n tọpa àwọn èèyàn 1,037 láti ìgbà ọmọdé títí wọ́n fi pé ọdún 38. Èsì tó jáde ní 2012 sọ pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ igbó ní kékeré tí wọn ò sì jáwọ́ pàdánù tó máàkì 8 nínú ìdánwò làákàyè. Àwọn ìwádìí tí wọ́n fi ìbejì ṣe lẹ́yìn náà kò fi gbogbo ẹnu gbà á, wọ́n ní ilé téèyàn ti jáde àti bó ṣe dàgbà lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Orí yíyí

Ohun tí àwọn òbí ń bẹ̀rù jù nìyí, ẹ̀rù náà sì nídìí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó lé ní 45,000 tó wọṣẹ́ ológun ní Sweden, tó jáde ní 1987, rí i pé àwọn tó ti mu igbó ju ìgbà 50 lọ kí wọ́n tó pé ọdún 18 fi ìlọ́po mẹ́fà wà nínú ewu schizophrenia, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tí aláìsàn fi ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń mu igbó ni orí rẹ̀ ń dàrú. Ẹni tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ẹbí rẹ̀, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré àti ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ ni ewu náà sún mọ́ jù.

Nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, tó ń sọ pé wọ́n ń ṣọ́ òun, "ayé ló ṣe é" ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń kọ́kọ́ sọ. Orí òkè àdúrà tàbí ilé oníṣègùn ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lọ, nígbà mìíràn wọ́n á dè é mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Bí ìtọ́jú bá ṣe ń pẹ́ sí i ni àìsàn náà ń ṣòro wò sí i.

Bárakú àti ìtọ́jú

Bíi ẹnì kan nínú mẹ́fà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dọ́langba ni igbó ń di bárakú fún. Lára gbogbo àwọn tó ń mu ún, nǹkan bí ẹnì kan nínú mọ́kànlá ni. Fífi igbó sínú ògógóró tàbí paraga ń dá kún ewu náà. Kólórádò tún burú jùyẹn lọ: kẹ́míkà tí wọ́n pò ni, agbára rẹ̀ sì ju ti igbó gidi lọ fíìfíì. Àwọn kan tó ti ń mu igbó fún ọdún pípẹ́ máa ń bì léraléra, omi gbígbóná nìkan ló sì máa ń tù wọ́n lára. Kò dáwọ́ dúró àfi tí wọ́n bá jáwọ́.

Ẹni tó bá jáwọ́ lè máa kanra, kó máà róorun sùn, kí oúnjẹ má lọ lẹ́nu rẹ̀, kó sì máa làágùn. Ọjọ́ kìíní sí ìkejì ló ń bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì ti lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí oògùn kan pàtó fún bárakú igbó; ìgbaninímọ̀ràn látọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ jù. Ní Èkìtì, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì àti ti ìpínlẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Nọ́ńbà ìpè ọ̀fẹ́ NDLEA fún ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ ni 0800 1020 3040.