Kẹ́: oríkì ọmọbìnrin àti àyè orúkọ àárín

Ẹni tó bá ti jókòó níbi ìsọmọlórúkọ rí ti mọ ti oyin, iyọ̀ àti atare, a ó fò ó. Orúkọ àbísọ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: ilé ọdẹ á fi Ọdẹ́ ṣáájú, ilé babaláwo á fi Ifá, ilé ọba á fi Adé, ilé onígbàgbọ́ á fi Olúwa. Púpọ̀ nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í sọ bóyá akọ ni ọmọ tàbí abo. Olúwaṣeun ń jẹ́ ọkùnrin, ó ń jẹ́ obìnrin, Tèmitọ́pẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Oríkì, ìyẹn orúkọ ìkẹ́ bí Àṣàkẹ́, ló ń sọ ọ́. Oríkì kò sì wo ilé, ọmọ gan-an ló dojú kọ.

Bí a bá tú Àṣàkẹ́ palẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì la ó bá nínú rẹ̀, À tó wà níwájú ló sọ wọ́n di orúkọ. Ṣà, kẹ́: ẹni tí a ṣà láti kẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe kìíní ń sọ bí ọmọ ṣe dé, èkejì ń sọ iṣẹ́ tó já lé àwọn tó gbà á lọ́wọ́. Àbẹ̀kẹ́, wọ́n bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó rí i kẹ́. Àjọkẹ́, ìyá nìkan kọ́ ni yóò kẹ́ ẹ. Àwẹ̀ró, ẹni tí a wẹ̀ tí a sì ró láṣọ. Èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí omi lára ọmọ náà.

Ọ̀já ìpọnmọ ni oríkì jọ. A fà á láti ọ̀tún, a fà á láti òsì, ó pàdé lórí àyà, ọmọ dúró. Tí apá kan bá tú, ọmọ á máa yọ̀ bọ̀rọ́. Ìdí nìyí tí ṣà nìkan kò fi lè pọn ọmọ, tí kẹ́ nìkan náà kò sì lè pọ̀n ọ́n. Bí ìyá ṣe ń tún ọ̀já so lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe oríkì lójúmọ́.

Àmì obìnrin wà lápá kejì yìí. Àyìndé lọ́kùnrin, Àyìnkẹ́ lóbìnrin, Àkànní, Àkànkẹ́, Àlàbí, Àlàkẹ́. Orúkọ tó parí sí "bí" kò ṣeé gbára lé, torí Àlàbí jẹ́ ọkùnrin, Àṣàbí sì jẹ́ obìnrin. Kẹ́ ló dájú. Ibi tí ètò náà ti kù díẹ̀ káàtó nìyẹn: ọmọkùnrin náà fẹ́ ìkẹ́.

Àṣìṣe kan wà tó ń bíni nínú. Àwọn kan rò pé gbogbo orúkọ tó bá fi À bẹ̀rẹ̀ ni oríkì, wọ́n á ní oríkì ọmọ àwọn ni Àìná. Rárá o. Àìná gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni, Àlàbá tẹ̀ lé Ìdòwú. Amútọ̀runwá ni wọ́n, ẹnikẹ́ni kò yàn wọ́n. Oríkì ni a máa ń yàn.

Ibo wá ni kó wà lórí ìwé ìbí? Àárín yẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé mùsùlùmí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ẹ wo Sàláwà Àbẹ̀ní, olórin wákà. Orúkọ ìta á ṣáájú, ti ìdílé á kẹ́yìn, oríkì á fara pamọ́ sáàárín, nítorí ọmọdé kì í pe àgbà ní oríkì, àjèjì kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Kìkì pé kí wọ́n kọ ọ́ tán. Bí wọ́n bá gé e kù sí lẹ́tà kan, Àdùnní á di A., Àbẹ̀ní á di A., Àṣàkẹ́ náà á di A., gbogbo wọn á sì di ẹnì kan ṣoṣo.

Nínú ilé, bí ọmọ bá ń ké nínú ọpọ́n ìwẹ̀, tí ọṣẹ kó sí i lójú, ìyá àgbà kì í pe Olúwaṣeun. "Àjọkẹ́, pẹ̀lẹ́. Ó ti tán, Àjọkẹ́ mi."