Ẹ Wo Àmì Ara Adáptọ̀ Kí Ẹ Tó Kì Í Bọ Ẹ̀rọ

Ẹ̀kẹrin rèé lọ́dún yìí. Ọ̀gbẹ́ni kan gbé Roland MT-32, àpótí tó ń gbé orin géèmù kọ̀ǹpútà àtijọ́ jáde, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, Ìkòròdú, ó wé e sínú náílọ́ọ̀nù dúdú bí ẹni ra ẹja, ó ní, “Ẹnjiníà, ó kàn kú ni.” Mo gbé e súnmọ́ imú. Òórùn tí mo gbọ́ ti rò fún mi kí n tó mú síkúrúdíráfà. Mo ní kó fi adáptọ̀ tó fi tàn án hàn mí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ti ráútà íntánẹ́ẹ̀tì jáde. Mo bi í pé kí ló rí tó fi lò ó. Ó ní, “Ẹnu rẹ̀ wọ̀ ọ́ dáadáa, sà.”

Ẹnu rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti pa ẹ̀rọ ju mànàmáná lọ n'Íkòròdú níbí.

Ohun èlò orin ni mo ń tún ṣe, ó sì ti lé ní ogún ọdún. Kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì, ámúpù àti míksà ló ń gbé oúnjẹ wálé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà díẹ̀, àwọn kan ti ń wá mi wá, àgbà ọkùnrin ló pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n tọ́jú kọ̀ǹpútà 486 tàbí Pentium wọn títí dòní, tí wọ́n sì fẹ́ kí géèmù DOS (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ṣáájú Windows) tí wọ́n gbá ní kékeré dún bí àwọn tó kọ orin rẹ̀ ṣe fẹ́ kó dún. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí dénú. Ẹni tó bá jẹ́ pé inú káàdì ohùn kọ̀ǹpútà lásán ló ti ń gbọ́ orin àwọn géèmù wọ̀nyẹn, kò tíì gbọ́ wọn rárá. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dùn mí tí mo bá rí èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sun.

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà DOS tó ń ṣiṣẹ́ nílé kò nílò kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ bí wọ́n ṣe ń ki káàdì bọ ihò ISA inú rẹ̀ tàbí bí wọ́n ṣe ń tún AUTOEXEC.BAT, fáìlì tí DOS ń kà nígbà tó bá ń tàn, kọ. Mo fo ìyẹn.

Èyí tí mo ń tún sọ lójoojúmọ́ ni pé MIDI, èdè tí kọ̀ǹpútà fi ń bá àpótí sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn. Àṣẹ ni. Kọ̀ǹpútà ń sọ fún àpótí pé: mú fèrè, tẹ nọ́tì báyìí, tẹ̀ ẹ́ kó le, ó tó, fi í sílẹ̀. Láti 1983 tí MIDI ti jáde, 31,250 bíìtì ló ń gbé kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú àpótí ni ohùn wà, nítorí náà ara àpótí ni ẹ ó ti fa okùn lọ sí spíkà. Ẹnìkan ti ra okùn MIDI mẹ́ta, ó ń bá ẹni tó tà á jà, spíkà ara kọ̀ǹpútà ló jókòó tì tó ń dúró kó dún. Tí ẹ bá ní SC-55, àpótí Roland tó dé lẹ́yìn MT-32, ó ní ẹnu tí ohùn lè gbà wọlé lẹ́yìn. Ẹ fa ohùn Sound Blaster (káàdì ohùn kọ̀ǹpútà) yín síbẹ̀, kí orin àti ìró ìbọn lè jọ gba spíkà kan jáde.

OUT kọ̀ǹpútà lọ sí IN àpótí. Ihò jọ́síìkì ẹlẹ́sẹ̀ 15 tó wà lẹ́yìn káàdì ni àṣẹ ń gbà jáde, ẹsẹ̀ 12 ló ń gbé e. Ẹ ra okùn tí wọ́n ṣe fún un. Àwọn tó ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́ wáyà lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń ní bákan náà ni, kò yé wọn pé ní ẹnu IN, ìmọ́lẹ̀ ló yẹ kó gbé àṣẹ kọjá nínú ẹ̀yà kékeré kan, kí iná ẹ̀rọ kan má baà wọ inú èkejì.

Ó tún ku yíyan orúkọ àpótí yín nínú géèmù. MT-32 jáde ní 1987. Géèmù King's Quest IV tí ilé-iṣẹ́ Sierra ṣe ní 1988 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó, Sierra fúnra wọn sì ń ta àpótí náà fún àwọn oníbàárà wọn. Nígbà tó di 1991 ni General MIDI dé, ìlànà tó fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan náà lára gbogbo àpótí, SC-55 náà sì jáde lọ́dún kan náà. Lọ́dọ̀ General MIDI, nọ́ńbà 128 ìró ìbọn ni. Lára MT-32, nọ́ńbà 128 kan náà ni wọ́n pè ní Jungle Tune. Tí géèmù bá ń bá MT-32 sọ̀rọ̀, tí ó jẹ́ SC-55 ló ń gbọ́, ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tí yóò jáde. Pẹ̀lú èyí, géèmù MT-32 púpọ̀ máa ń rán ohùn tuntun tí wọ́n dá fúnra wọn lọ sínú àpótí, wọ́n á tiẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí ojú rẹ̀. SC-55 ní ètò tó fi ń ṣe bí MT-32, ṣùgbọ́n kò lè gba àwọn ohùn tí wọ́n rán wọ̀nyẹn. Géèmù ọdún 1988 sí bíi 1991, ẹ wá MT-32. Èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, bíi Doom ti 1993, SC-55.

Àwọn géèmù àtijọ́ kan sì wà tí wọn kì í dún lára Sound Blaster 16, bó ti wù kí ẹ so ó tó. Roland MPU-401, káàdì MIDI tó ní ọpọlọ tirẹ̀, ni wọ́n ń wá, èyí tí Sound Blaster 16 kò ní, ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní UART nìkan ló mọ̀. SoftMPU, ètò DOS kan tó ń ṣe bí ọpọlọ yẹn, á tán an fún yín, ó kàn nílò EMM386, ètò DOS tó ń bójú tó mẹ́mórì. Ẹ rí i pé P330 wà nínú ìlà SET BLASTER tó wà nínú AUTOEXEC.BAT yín. Tí MT-32 yín bá jẹ́ ti ìṣáájú, èyí tí kò ní ihò hẹ́dífóònù, tó sì ń kọ “Exc. Buffer overflow” sójú, kò bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà ń rọ́ ọ̀rọ̀ fún un ju bó ṣe lè gbé mì lọ. Ẹ fi /DELAYSYSEX kún SoftMPU, ara rẹ̀ á balẹ̀.

Bàbá kan láti Ìgbógbó pè mí ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. Ó ti jáde nínú géèmù, ó ti pa kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ ohùn ọ́gáànù kan ṣì ń lọ gbọọrọ, kò mí. Ìyàwó rẹ̀ ní kó gbé nǹkan náà kúrò nínú ilé. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, wọ́n ti ta òróró àdúrà sí i lójú. Onígbàgbọ́ ni mí, mo sì ń gbàdúrà kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, ṣùgbọ́n òróró kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ bọ́tìnnì. Odindi ọ̀sán kan ni mo fi sípírítì fọ̀ ọ́, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ méjì ni nọ́tì kọ̀ọ̀kan ń gbà: Note On pé kó dún, Note Off pé kó dákẹ́. Ìkejì sọnù lójú ọ̀nà. Ohùn ọ́gáànù kì í tán fúnra rẹ̀ bí ti dùùrù, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ó tó, kọ̀ǹpútà tí ìbá sọ fún un ti kú. Ẹ pa àpótí, ẹ tún un tàn. Kò sí ẹ̀mí kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sórí iná, nítorí gbogbo èyí tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí kò wúlò fún ẹ̀rọ tó ti jó.

MT-32 àti SC-55 ń lo 9V, iná tààrà (DC), nẹ́gátíìfù sì ni àárín ẹnu adáptọ̀ rẹ̀. Adáptọ̀ ráútà, ti iná ṣájà, ti ẹ̀rọ tó ń gbà ìkànnì tẹlifíṣọ̀n, pọ́sítíìfù ló wà láàárín púpọ̀ jù nínú wọn, òmíràn a sì tún jẹ́ 12V. Ẹ gbé adáptọ̀ síwájú, ẹ wá àwòrán kékeré kan lára bébà rẹ̀. Tóótó kan wà láàárín, ìlà kan yí i ká bí òṣùpá tí kò tíì kún. Ẹ tẹ̀lé ìlà tó jáde láti ara tóótó. Tí ó bá dé ibi àmì ìyọkúrò, ìyẹn ni. Tí ó bá dé ibi àmì ìròpọ̀, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Tí bébà bá ti bó, mítà kò wọ́n. Ẹ fi ẹnu pupa sínú ihò, ẹ fi dúdú kan ara ìta. Ẹ fẹ́ rí àmì ìyọkúrò níwájú iye tó kọ. Òmíràn lè kà tó 12 tàbí 13 nígbà tí kò tíì gbé ẹrù kankan, ìyẹn kì í ṣe àbùkù tó bá jẹ́ adáptọ̀ oní-wúwo àtijọ́ tí wọ́n kọ 9V sí lára. Ní tèmi, mi ò kì í fún MT-32 ní èyí tó kéré sí 1A. Àmpíà tó pọ̀ kò pa ẹ̀rọ, ohun tó bá nílò ló máa fà. Fólítéèjì àti ẹ̀gbẹ́ tó gbà wọlé ló ń pa á.

Ti SC-88Pro kan, àpótí Roland mìíràn, ló dùn mí jù. Ìyẹn kì í lo adáptọ̀, inú rẹ̀ ni tiránsífọ́mà wà, èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Japan sì ń fẹ́ 100V. Ọmọkùnrin kan ní Ẹ̀bútẹ́ kó owó jọ, ó rà á nínú ẹrù tòkúnbọ̀. Ọjọ́ tó gbé e délé ló kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Ó ní ojú rẹ̀ tàn yòò, ó kùn, ó kú. Fíúsì ló já. Fíúsì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ká ní ọ̀dọ̀ mi ló gbé e wá lọ́jọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí n gbà á là. Ọ̀dọ̀ ẹnìkan ládùúgbò tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà ló gbé e lọ. Ẹni yẹn bó wáyà, ó fa fọ́nrán bàbà kan yọ, ó fi wé orí fíúsì, ó ní kò ní já mọ́. Ó tún kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà.

Nígbà tí mo ṣí i, vánísì tiránsífọ́mà ti yọ́ dà sórí bọ́ọ̀dù, ó ti gan bí oyin tó gbẹ. Fọ́nrán bàbà yẹn ṣì wà lórí fíúsì, ó ń dán, kò tiẹ̀ yí àwọ̀. Mo wá tiránsífọ́mà mìíràn, mo pààrọ̀ rẹ̀, mo tọ iná kiri inú bọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò dáhùn. Ọmọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú mi, ó bi mí pé, “Ọ̀gá, ṣé kò sí nǹkan kan tá a lè ṣe?” Mo ní kò sí. Mi ò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó fi bàbà wé fíúsì ti gba tirẹ̀.

Ẹni tó bá ní irú èyí, tiránsífọ́mà tó ń sọ iná di 100V ni kó wá. Ti 110V tó kún ọjà sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ rántí iná tiwa níbí. Èyí tó ń sọ 220 di 110, tí NẸ́PÀ bá gbé 250 wọlé lóru, 125 ló máa gbé fún àpótí. Ẹ kọ́kọ́ fi stàbíláísà sí iwájú rẹ̀, ẹ má sì tan àpótí lásìkò tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ rẹlẹ̀.

Láti oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá máa gbé àpótí Roland wá sọ́dọ̀ mi, kó gbé adáptọ̀ tàbí tiránsífọ́mà tó fi ń tàn án dání. Ojú rẹ̀ ni màá ti fi mítà wọ̀n ọ́n, kí n tó tú síkúrúù kankan. Ẹni tí kò bá mú un wá, kó padà lọ mú un.