Aago wárápá ò rí inú ọpọlọ o

Ohun tó ń bíni nínú ni báwọn èèyàn ṣe ń sọ pé aago tí wọ́n ń ṣe fáwọn tó ní wárápá máa ń rí inú ọpọlọ, pé á ti kìlọ̀ kó tó gbéèyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ jàre. Ọrùn ọwọ́ ló wà, ibo ló ti fẹ́ rí ọpọlọ?

Nǹkan méjì ló ń ṣọ́. Ọ̀kan ni ọwọ́ tó ń gbọ̀n: wárápá ńlá, ara á kọ́kọ́ le gbagidi, lẹ́yìn náà á wá máa gbọ̀n léraléra. Èkejì ni òógùn, èyí gan-an ló dùn. Kì í ṣe òógùn oòrùn o. Iṣan tó ń mú kí àyà èèyàn já tẹ́rù bá bà á, òun náà ló ń pàṣẹ fún òógùn, tí wárápá bá wá dé apá kan nínú ọpọlọ, iṣan yẹn á ta gìrì, awọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù kí ojú tiẹ̀ tó rí òógùn kankan. Aago ń rán iná tíńtín gba awọ kọjá, bí awọ bá ṣe tutù tó ni iná ṣe ń rọ́nà lọ.

Àkọsẹ̀bá ni wọ́n fi mọ èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ló yá ohun tó ń wọn òógùn lọ́rùn ọwọ́ méjì lọ́wọ́ Rosalind Picard, ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀, ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì àbúrò ẹ̀ kan, ló bá di pé òógùn tí ọ̀kan wọ̀n ròkè lálá, ìkejì ò mira. Picard rò pé ó ti bàjẹ́ ni, àṣé wárápá ló gbé ọmọ náà. Iléeṣẹ́ Empatica tí òun àtàwọn ará Ítálì jọ dá sílẹ̀ ló ṣe aago wárápá tí wọ́n ń pè ní Embrace, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 2018.

Ẹ wá gbé e wá sí Iléṣà nírọ̀lẹ́ tí wọ́n ń gúnyán. Ọwọ́ ń lọ sókè sódò, òógùn ń ṣàn, àmì méjèèjì lè pé, kó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo! Àwọn tó ń fọyín gan-an ti kó sí i. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú ìdánwò ẹ̀, kò sí odó níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kó má tètè pariwo mọ́, ó lè fo èyí tó jẹ́ òótọ́, ariwo lásán ṣì sàn jù.

Torí aago yẹn ò lè dá wárápá dúró, ńṣe ló ń ní kí fóònù pe èèyàn. Èèyàn yẹn ló máa fi ẹ̀gbẹ́ ẹni náà lélẹ̀ kí itọ́ má bàa há a lọ́fun, tí ò ní ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tó bá sì kọjá ìṣẹ́jú 5, ọsibítù yá. Àwọn tí wárápá ń pa lójú oorun, púpọ̀ nínú wọn ló dá wà, tí wọ́n dojú bolẹ̀.

Ibi tó kù sí nìyẹn. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sí ìpè. Ọmọ tó wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì n'Ífẹ̀ tó fi nọ́ńbà màmá ẹ̀ tó wà n'Íléṣà sí i, kí màmá tó rí mọ́tò wọ̀, gbogbo ẹ̀ ti parí, nọ́ńbà ẹni tó wà ní yàrá kejì ló yẹ kó fi sí i.