Bí náírà tó ń já ṣe ń yí iye ọkọ̀ àtijọ́ padà nílẹ̀ Òkun

Nílẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ Yorùbá tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí, bí èèyàn bá ti Kàbbà lọ sí Mópà, tó gba Ìsánlú kọjá títí dé Ẹ̀gbẹ̀, kò ní ka àgbàlá púpọ̀ kó tó rí Peugeot 504 tàbí Volkswagen ìjàpá tó ti pẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe èèṣì. Nígbà tí Kàdúná jẹ́ olú ìlú Àríwá, iṣẹ́ ìjọba kó ọ̀pọ̀ ọmọ Òkun lọ síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì padà nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ l'Ékòó. Ìjọba ń yá òṣìṣẹ́ lówó ra ọkọ̀, wọ́n ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Bí ọ̀gá bá fẹ̀yìn tì, òun àti ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń bọ̀ wá sílé.

Àwọn ọkọ̀ yìí ni àwọn tó ń kó ọkọ̀ ayé ọjọ́un jọ ń wá kiri báyìí. Iye tó wà nílẹ̀ kò sì lè pọ̀ sí i mọ́. Ọkọ̀ àlòkù tó bá ti ju ọdún 12 lọ wà lára ẹrù tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà láàyè kó wọlé, nítorí náà kò sí 504 ọdún 1982 kan tó ń ti Kútọnu bọ̀ wá dín ọ̀wọ́n kù. Pàátì ló ń wọlé, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Ibẹ̀ ni wàhálà ọrọ̀ ajé ń gbà dé ara ọkọ̀ tí wọ́n ti tò láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Kí ìjọba tó jọ̀wọ́ náírà fún ọjà ní oṣù kẹfà 2023, nǹkan bí ₦465 ni dọ́là kan lójú ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024, ó ti lé ní ₦1,500. Ká ní Mercedes 230 kan wà ní Ìyàrà tí ẹni tó ni ín ń pè ní mílíọ̀nù mẹ́ta kí náírà tó já. Dọ́là 6,450 nìyẹn. Nígbà tí gbogbo nǹkan wọ́n, ó sọ ọ́ di mílíọ̀nù mẹ́fà, àwọn ará àdúgbò sì ní ojú kò tì í. Ṣùgbọ́n lójú ọmọ Òkun tó ń gba owó oṣù ní Houston, ọkọ̀ náà ti di dọ́là 4,000. Ó ti fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Ẹni tó ń tà rò pé òun ti jèrè ìlọ́po méjì, ẹni tó ń rà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ lòun rà, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Tí ọrọ̀ ajé bá dàrú, iye ọjọ́ tí ọkọ̀ ń lò kó tó tà ló ń kọ́kọ́ yí padà, kí iye owó tí wọ́n san gan-an tó yí. Onílé tó ni ọkọ̀ ti gbé owó lé e láàárọ̀ ọjọ́ tí dọ́là gbéra. Tíṣà tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ì bá rà á kò rí àfikún kankan gbà, ó sì kúrò lọ́jà. Àwọn tí owó wọn ń ti òkè òkun wọlé ló kù, àwọn yẹn kì í sì í wá sílé ju ìgbà Kérésì, ọdún Àjíǹde tàbí ìgbà ìsìnkú àgbà. Ọkọ̀ tí ì bá tà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè dúró di ọdún tó ń bọ̀, alágbàtà á sì máa sọ fún onílé pé ọjà ti dára. Owó tí wọ́n ń pè kì í ṣe owó tí wọ́n ń san. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọjà ṣe rí, èyí tí wọ́n tà kẹ́yìn ni kó béèrè, iye tí wọ́n kà sọ́wọ́, àti oṣù tí wọ́n kà á.

Bí oníbàárà ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ojú wọn ń le sí i. Ọkọ̀ tó pé kì í fi bẹ́ẹ̀ já. Èyí tí nǹkan dín lára rẹ̀ ló ń já, ó sì ń já gan-an. Nígbà tí náírà bá dúró sójú kan, ìyàtọ̀ tó wà láàárín 504 tó pé àti èyí tí kò ní bọ́ńpà àti gíláàsì iná kì í fi bẹ́ẹ̀ ju owó pàátì wọ̀nyẹn lọ. Bí náírà bá ń yí kiri, ìyàtọ̀ náà ń fẹ̀ kọjá owó pàátì, torí ẹni tó ń rà kò mọ iye tí wọ́n máa ta pàátì náà fún òun ní oṣù mẹ́ta òní. Ó ń yọ owó pàátì, ó tún ń yọ owó ẹ̀rù lé e.

Nínú àgbàlá, ẹni tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ ní kí wọ́n sítáàtì ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì 504 ṣeé tún ṣe, pístìn àti rìngì rẹ̀ ṣì ṣeé rí rà, torí Kàdúná to ọkọ̀ náà wọ inú àwọn ọdún 2000. Ohun tó ṣòroó rí ló ń fojú wá: rọ́bà wínńskíríìnì, gíláàsì iná iwájú, ọwọ́ ìlẹ̀kùn tó pé, dáṣíbọ́ọ̀dù tí oòrùn kò tíì là. Lẹ́yìn náà ló ń wo ẹsẹ̀ wínńskíríìnì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilé wa, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n gbé e sí. Ewé ń bọ́ sínú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé níbẹ̀, ó ń jẹrà, ó ń dí ojú ibi tó yẹ kí òjò gbà jáde, omi á sì wá ọ̀nà gba inú ọkọ̀ lọ. Kápẹ́ẹ̀tì ló ń bo àṣírí rẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ọ̀dọ̀ awakọ̀ sókè, kí ẹ fi ẹnu sùkúrúdírébà tẹ irin ilẹ̀ ibẹ̀. Bó bá dún ko, ó ṣì le. Bó bá wọlé, pánẹ́ẹ̀lì bítà ti ríṣẹ́ nìyẹn, kí ẹ sì yọ owó rẹ̀ kúrò. Síbẹ̀, ọkọ̀ ilẹ̀ Òkun sàn ju ti Èkó lọ níbi ká dípẹtà, torí afẹ́fẹ́ òkun oníyọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa. Eku tó ń jẹ wáyà ni ọ̀tá tiwa, àti ọyẹ́ tó ń la rọ́bà.

Lára ìjàpá, àga ẹ̀yìn ni kí ẹ gbé. Abẹ́ ibẹ̀ ni bátìrì wà, ásíìdì rẹ̀ ló sì ń jẹ irin ìsàlẹ̀. Abẹ́ àga yẹn náà, lórí irin tó yọ sókè láàárín ọkọ̀, ni wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣásí sí. Bí nọ́ńbà náà kò bá bá ìwé mu, ẹ má ṣòpò ná an. Ẹ́ńjìnnì 1300 tàbí 1600 tó ṣì lágbára máa ń gbé géèjì kọ́mpírẹ́ṣàn, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí silíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, dé 100 sí 130 psi. Bí silíńdà kan bá wà ní 70 tí àwọn yòókù wà ní 115, iṣẹ́ fáàfù tàbí rìngì ń dúró dè yín. Ti 504, ìdérí ibi tí wọ́n ń da òyìlì sí ni ẹ ṣí. Bí ohun funfun bí ògì bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí omi ti máa pàdé òyìlì. Sìlíìfù 504, ìyẹn irin tí pístìn ń rìn nínú rẹ̀, ṣeé yọ, síìlì tó wà nídìí rẹ̀ ló ń dá omi dúró, orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ alumíníọ̀mù. Omi kànga lásán tí kò ní kúláńtì, tó wà nínú rádíétọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, á ba méjèèjì jẹ́.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni àtúnṣe tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí. Owó iṣẹ́ ọwọ́ pánẹ́ẹ̀lì bítà ní Kàbbà kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé dọ́là. Ọ̀dà, tínà, fílà, ṣáńpépà àti ọ̀pá wẹ́dà ló ń tẹ̀ lé e. Iye tí wọ́n sọ ní oṣù kìíní kì í bá wọn dé oṣù kẹfà. Wọ́n á tú ọkọ̀ pátápátá, wọ́n á họ ọ̀dà rẹ̀, owó á tán nígbà tó bá kan ọ̀dà kíkùn, irin á sì wà ní ìhòòhò lójú òjò. Kí òjò ọdún kan tó dá, ìpẹtà ti bo gbogbo ibi tí wọ́n họ, nọ́ọ̀tì àti síkúrù ti fọ́n ká, mẹkáníìkì tó tú u ti kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí Ọ̀bájànà. Irú ọkọ̀ báyìí ló pọ̀ jù lọ́jà, owó tó ti wọ inú rẹ̀ kì í sì í padà wá.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í tú bóòtù kankan kí wọ́n tó ra ohun tí dọ́là ń rà: gbogbo rọ́bà, gíláàsì, gásíkẹ́ẹ̀tì, sẹ́ẹ̀tì sìlíìfù. Inú yàrá gbígbẹ ni wọ́n ń kó o sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, torí ooru ń ba rọ́bà jẹ́. Ọ̀dà nìkan ni kò yẹ ká rà sílẹ̀ títí, ó ń bàjẹ́ nínú agolo. Bréèkì àti irin ilẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe, ẹwà ló ń gbẹ̀yìn. Ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá ṣùgbọ́n tó ń rìn yóò rí ẹni rà á. Èyí tó ń dán tí kò lè jáde lágbàlá, wíwò ni wọ́n á máa wá wò ó.

Nísàlẹ̀ pátápátá, owó kọ́ńdẹ̀mù wà. 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin wọ̀n tó nǹkan bí kílò 1,200, ìjàpá wọ̀n tó bíi 800. Owó irin àlòkù náà ń tẹ̀ lé dọ́là, torí irin yìí ni àwọn tó ń yọ́ irin nílé fi ń rọ́pò èyí tí wọn ì bá kó wọlé. Nígbà tí náírà bá ṣubú, àwọn onírin á bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní àgbàlá tí wọn kì í yà tẹ́lẹ̀. Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, owó irin lásán ni wọ́n sì ń san fún gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ rádíétọ̀ àtijọ́ jẹ́ bàbà, orí ẹ́ńjìnnì jẹ́ alumíníọ̀mù, òjé sì wà nínú bátìrì. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá àtúnṣe lóòótọ́, ẹ yọ ìwọ̀nyí, kí ẹ yọ iná, gíláàsì, ìlẹ̀kùn àti bọ́ńpà pẹ̀lú kí wọ́n tó dé. Àwọn tó ń kó ọkọ̀ jọ á rà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwo nọ́ńbà ṣásí nìkan ni kí ẹ má tà fún ẹnikẹ́ni: ẹni tó bá ń wá ìyẹn nìkan, orúkọ ló ń wá fún ọkọ̀ olè.

Epo bẹntiróò kì í lé owó ọkọ̀ wálẹ̀ tààrà, ẹ̀yìn ló ń gbà. 504 oníkabúrétọ̀ ń mu bíi lítà 10 fún kìlómítà 100. Nígbà tí lítà kan wà ní ₦185, ₦1,850 nìyẹn. Nígbà tó di ₦617 ní oṣù keje 2023, ó di ₦6,170. Onílé á gbé e kalẹ̀. Epo tó kù nínú kabúrétọ̀ á dì, á dí jẹ́ẹ̀tì. Omi bréèkì á fa ọ̀rinrin, silíńdà táyà á gán. Òjò ọdún méjì tó láti sọ ọkọ̀ tó ń rìn di iṣẹ́. Ẹni tó máa gbé ọkọ̀ kalẹ̀, kó fa epo inú kabúrétọ̀ gbẹ, kó yọ ojú wáyà nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kó fi òkúta há táyà dípò kó fa áńbùréèkì, kó má sì fi ọ̀rá tapólì wé e, torí ọ̀rá ń ti ọ̀rinrin mọ́ ọn lára. Kí a máa sítáàtì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láràárọ̀ Sátidé kò ṣe é láǹfààní, ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó láti lé omi kúrò nínú òyìlì. Kó rin ogún kìlómítà, tàbí kó dákẹ́.

Lókè òkun, èlé owó wà lára ohun tó ń darí ọjà yìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Ferrari 250 GTO ń tà ju mílíọ̀nù 10 dọ́là lọ. Láàárín ọdún mélòó kan tí owó há, ó já sí ìsàlẹ̀ mílíọ̀nù 4. Lẹ́yìn ìdàrúdàpọ̀ 2008, èlé wálẹ̀ súnmọ́ òdo, owó sì ń wá ibi tó máa sá sí: ní 2018, wọ́n ta 250 GTO kan ní gbàǹjo ní Califọ́níà ní mílíọ̀nù 48.4 dọ́là, ní oṣù karùn-ún 2022 sì ni Mercedes ta 300 SLR kan ní mílíọ̀nù 135 yúrò. Ọdún yẹn náà ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè, ó kọjá 5% ní 2023, ọjà ọkọ̀ àtijọ́ sì tutù.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, torí kò sí ẹni tó ń yáwó ní báńkì láti ra ìjàpá. Ohun tí èlé ń ṣe níbí ni pé ó ń fa owó lọ síbòmíràn. Ní 2024, owó Treasury Bills ọlọ́dún kan, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń yáwó lọ́wọ́ aráàlú, ń mú ju 20% wá: mílíọ̀nù mẹ́ta níbẹ̀ ń bí ju ₦600,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó wà lábẹ́ páànù ń jẹ bátìrì àti táyà. Ẹni tó rí i pé ọ̀wọ́n ọjà dé 34.8% ní oṣù kejìlá 2024 lè sọ pé irin sàn ju ìwé lọ. Ó lè jóòótọ́ fún ẹni tó ní ṣẹ́ẹ̀dì àti mẹkáníìkì tó ṣeé fọkàn tán. Ẹni tó kàn fẹ́ fi owó pamọ́, kó lọ ra ilẹ̀.

Nígbà tí náírà bá tún dúró sójú kan, owó tí wọ́n ń pè àti owó tí wọ́n fẹ́ san á súnmọ́ ara wọn, ọjà á sì ṣí. Ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ pé ló ń kọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Òkun há sí: orúkọ bàbá tó ti kú ló wà lórí ìwé, àwọn ọmọ wà káàkiri, ẹnì kan á sì ti gba àsansílẹ̀ láìsọ fún àwọn yòókù. Oníbàárà tó lọ́gbọ́n á béèrè ìwé kóòtù tó fún ìdílé láṣẹ lórí ogún, lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ pààrọ̀ orúkọ ní ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Bí kò bá sí, á yọ owó ńlá tàbí kó bá tirẹ̀ lọ. Ìwé kóòtù kì í yá, nítorí náà ìdílé tó bá fẹ́ tà ní Kérésì, kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí òjò tó dá.