Ṣé Aṣọ Tuntun Nìkan La Fi Ń Rán Ère?

Ní Ìkòròdú, ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi aṣọ rán ère, ìyẹn ẹyẹ, ẹja tàbí orí ènìyàn tí a ki nǹkan sínú rẹ̀ kó lè dúró, ọjà Ṣábọ́ ni wọ́n máa ní kó lọ, kó lọ ra aṣọ tuntun. Wọ́n gbà pé ìró tó ti gbó ti lo ìgbà tirẹ̀, pé iṣẹ́ tí a bá fi í ṣe ò ní pẹ́ já. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tọ́wọ́ wọn mọ iṣẹ́ ti tìtorí èyí jókòó. Ó ń dùn mí, torí kì í ṣe òótọ́.

Aṣọ òwú tuntun ṣì máa súnkì tí omi bá kàn án, àró rẹ̀ sì lè máa jáde. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ lára ère tí a ti rán tán, ojú rẹ̀ á wọ́. Ìró ìyá àgbà tí wọ́n ti fọ̀ láìmọye ìgbà ti súnkì tán. Ó rọ̀, abẹ́rẹ́ ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, ó sì ń gbọ́ràn síni lọ́wọ́ níbi imú àti etí. (Ẹ kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá o.)

Kì í ṣe gbogbo aṣọ gbígbó ló dára. Kọ́tìnì tí oòrùn ti pa lójú fèrèsé lè ti kú tán kí àwọ̀ rẹ̀ ṣì máa dán. Ẹ gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí ibi tó ti fẹ́lẹ́; ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ibi tó bá ya, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ohun tí ẹ ó kì sínú ère nìyẹn. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi tì í, díẹ̀díẹ̀, láti kọ̀rọ̀ wá sí àárín, kí ara ère má baà yọ kókó.

Ní ti pípẹ́, ní Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, opó kan, Missouri Pettway, já aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tó kú, ó sì fi rán aṣọ ìbora ní 1942. Nígbà tó fi máa di 2002, àwọn aṣọ ìbora abúlé yẹn ti wà lára ògiri mùsíọ́ọ̀mù ní Houston. Nílẹ̀ tiwa náà, aṣọ lórí aṣọ ni ẹ̀kú egúngún, ìdílé a sì máa rán tuntun mọ́ èyí tí bàbá wọn fi sílẹ̀.