Bí Eruku Ṣe Bo Òṣùpá Máàsì Méjèèjì

Ẹni tó bá mọ àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì mọ̀ pé àpáta ló ń di ilẹ̀ tí à ń kọ ebè sí. Òjò ń jẹ ẹ́, gbòǹgbò ń là á. Lórí Phobos àti Deimos, òṣùpá méjèèjì tó ń yí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì po, kò sí òjò, kò sí gbòǹgbò, kò sí afẹ́fẹ́. Síbẹ̀, eruku bò wọ́n.

Oṣù kẹjọ ọdún 1877 ni Asaph Hall, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ rí wọn, ní Washington. Ó di 1971 kí ọkọ̀ òfuurufú Mariner 9 tó ya àwòrán wọn nítòsí. Phobos kò rí roboto: kìlómítà 27 ni ó gùn, kò sì fẹ̀ ju 18 lọ níbi tó ti tín-ín-rín jù. Kòtò ńlá ara rẹ̀, Stickney, fẹ̀ tó kìlómítà 9. Orúkọ ìdílé tí ìyàwó Hall ń jẹ́ kó tó lọ́kọ ni wọ́n fi sọ ọ́.

Irú ìkọlù tó gbẹ́ Stickney ló bí eruku náà. Òkúta òfuurufú, títí dé èyí tó kúnná bí èlùbọ́, ń já lu ilẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú eré tó lè ju kìlómítà 10 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò jó wọn run lójú ọ̀nà, nítorí náà gbogbo wọn ló ń balẹ̀. Ooru àti òtútù náà ń ṣe tiwọn. Àwọn tó ń fọ́ òkúta lọ́dọ̀ wa mọ ọgbọ́n yìí: wọn á dáná sórí àpáta kó lè sán, kí wọ́n tó gbé òòlù. Wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 39 ni ọ̀sán àti òru Phobos, nítorí náà ó ń gbóná, ó ń tutù, ju ìgbà mẹ́ta lọ kí ọjọ́ tiwa kan tó pé. Ní 1998, ọkọ̀ Mars Global Surveyor wọn −4°C lójú oòrùn níbẹ̀ àti −112°C nínú òkùnkùn. Àpáta tó dì máa ń pa ooru mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Eruku kì í pa á mọ́. Bí ooru ṣe tètè sá lọ ni wọ́n fi mọ̀ pé eruku ibẹ̀ jìn tó mítà kan, ó kéré tán.

Èyí tó jọ wá lójú jù ni pé eruku náà kò fò lọ tán. Agbára òòfà Phobos tó ń fa nǹkan mọ́lẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ti ayé. Ohun tó bá fi eré mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gbéra kò ní padà. Ṣùgbọ́n bó bọ́ lọ́wọ́ Phobos, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ Máàsì. Yóò máa yí Máàsì po títí òṣùpá yóò fi tún kò ó lọ́nà, tí yóò sì gbá a padà sára. Lórí Deimos, eruku ti dí ọ̀pọ̀ kòtò débi pé ara rẹ̀ jọ̀lọ̀.

Àríyànjiyàn ṣì wà lórí ibi tí òkúta wọn ti ṣẹ̀. Àwọn kan ní àlejò tí Máàsì fà mọ́ra ni wọ́n, torí pé wọ́n dúdú bí àwọn òkúta òfuurufú kan; àwọn mìíràn ní àfọ́kù ara Máàsì ni. Èyí kejì ló bá ọ̀nà roboto tí wọ́n ń tọ̀ mu jù. Ọkọ̀ MMX tí Japan ń gbèrò láti rán lọ fẹ́ bu ó kéré tán gíráàmù 10 wá láti Phobos. Yóò gún ilẹ̀ kọjá sẹ̀ǹtímítà 2, torí oòrùn ti ba ti òkè jẹ́, eruku Máàsì sì ti lè dà pọ̀ mọ́ ọn.